Ikú Olè Kì Í Dá Ẹrù Padà: Àyẹ̀wò Ìparí Mẹ́ta Nínú Fíìmù Túndé Kèlání

1. Ìfáàrà

Ìjákulẹ̀ tí ìparí fíìmù máa ń fà fún òǹwòran yàtọ̀ sí àìdára fíìmù. Fíìmù tí kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ ní ìparí, nítorí pé òǹwòran ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ẹni tí a fọkàn tán nìkan ni ó lè jáni kulẹ̀. Bí olùdarí kan bá mú òǹwòran wọ inú ọ̀ràn tí ó ta kókó, tí ó fi ẹ̀dá-ìtàn tí ó ṣeé gbà gbọ́ hàn án, tí ó sì kọ́ ọ láti máa wádìí ọ̀rọ̀, ó ti jẹ òǹwòran náà ní gbèsè. Ìparí fíìmù ni ibi tí òǹwòran ti ń retí pé kí ó san án. Bí kò bá san án tán, ìbínú tí ó ń tẹ̀lé e kì í ṣe ìbínú ọ̀tá iṣẹ́ náà. Ìbínú ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Láàárín àwọn olùdarí fíìmù Yorùbá, ó ṣòro láti rí ẹni tí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ tó Túndé Kèlání. Kí ó tó dá ilé-iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀, ó ti wà nídìí kámẹ́rà fún ọ̀pọ̀ fíìmù àwọn òṣèré tíátà alárìnkiri ní àwọn ọdún 1980. Nígbà tí fíìmù orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbòde, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi ìkánjú ṣe é, òun pẹ̀lú àwọn òǹkọ̀wé bí Akínwùmí Ìṣọ̀lá àti Adébáyọ̀ Fálétí, tí àwọn méjèèjì ti di olóògbé báyìí, fi hàn pé fíìmù lè gbé èdè ìjìnlẹ̀ àti èrò ìjìnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn àròsọ ti ń gbé wọn. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n tí ó ga wọn iṣẹ́ rẹ̀.

Fíìmù mẹ́ta ni bébà yìí yóò yẹ̀ wò: Ti Olúwa ni Ilẹ̀ (1993), Ṣaworoidẹ (1999) àti Agogo Èèwọ̀ (2002). Kókó kan ṣoṣo ni ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun ìní gbogbo ìlú ni fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀, igbó, owó. Ìbéèrè tí wọ́n gbìn sí òǹwòran lọ́kàn ni pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ohun ìní náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ìparí wọn dáhùn ni pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí olè. Ìbéèrè méjì tí ó yàtọ̀ síra ni wọ̀nyí, àlàfo tí ó wà láàárín wọn ni ìjákulẹ̀ ti ń wọlé.

2. Ẹ̀san gẹ́gẹ́ bí ìparí

Ìparí tí ẹ̀san ti ń ké kì í ṣe ohun tí Kèlání dá sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àlọ́, ìyà ni ó ń jẹ Ìjàpá nígbẹ̀yìn, apàlọ́ a sì sọ ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kí àwọn ọmọ tó lọ sùn. Àwọn òṣèré alárìnkiri jogún ọ̀nà yìí, wọ́n sì gbé e dé inú sinimá. Nínú Ayé (1979), tí Ọlá Balógun darí fún Hubert Ògúndé, Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe babaláwo tí ó dojú kọ àwọn àjẹ́. Kò sí òǹwòran tí ó lọ wo fíìmù náà tí ó rò pé àwọn àjẹ́ ni yóò borí. Síbẹ̀, ìparí rẹ̀ kò já wọn kulẹ̀. Ìbéèrè tí fíìmù náà béèrè ni pé agbára ta ni yóò ga ju ti èkejì lọ. Ìdáhùn sì bá ìbéèrè mu.

Ní ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, Aristotle bu ẹnu àtẹ́ lu ìparí Medea tí Euripides kọ, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin àràmàǹdà ti wá gbé ẹ̀dá-ìtàn sá lọ. Èrò rẹ̀ ni pé inú ìtàn fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ohun tí yóò tú kókó rẹ̀ ti wá. Àwọn lámèyítọ́ kan lè fẹ́ fi òfin yìí dá fíìmù Yorùbá lẹ́bi nítorí òògùn, ìlù àti ìbúra tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹjọ́ náà kò lè dúró. Nínú ayé tí àwọn fíìmù wọ̀nyí ń fi hàn, alálẹ̀ àti ìbúra kò wá láti òde ìtàn. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé agbára àìrí dá sí ọ̀rọ̀ ni àléébù tí bébà yìí ń wò. Àléébù ibẹ̀ ni pé nígbà tí agbára àìrí bá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, fíìmù a máa ṣe bí ẹni pé kò sí iṣẹ́ mìíràn mọ́ fún ènìyàn.

3. Ti Olúwa ni Ilẹ̀: ilẹ̀ tí ó di ẹ̀yìn ọ̀rọ̀

Ọ̀ràn tí Ti Olúwa ni Ilẹ̀ dá lé lórí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní àyíká Ìbàdàn. Àwọn mẹ́ta lẹ̀dí àpò pọ̀, wọ́n ta ilẹ̀ tí kò yẹ ní títà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé epo sórí rẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Olóyè Àṣíyanbí, Ọ̀tún ìlú, tí Kareem Adépọ̀jù, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Wándé, ṣe lọ́nà tí a kò lè gbàgbé. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣíyanbí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá kan òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àsálà.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí lágbára. Ó fi hàn pé ẹni tí ìlú fi jẹ olùṣọ́ ilẹ̀ gan-an ni ó ń tà á. Ó fi hàn pé owó tuntun mọ ọ̀nà àtiwọ ààfin. Ṣùgbọ́n bí ìtàn ti ń lọ láti apá kìíní dé apá kẹta, sísá Àṣíyanbí ni ó ń gba iwájú, ilẹ̀ sì ń di ẹ̀yìn. Òǹwòran ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ń bà á, ó ń ka iye ẹni tí ó ti kú àti iye tí ó kù. Nígbà tí ó bá yá, ìbéèrè tí ó kù lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé ṣé ikú yóò bá Ọ̀tún tàbí kò ní bá a. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa dáko lórí ilẹ̀ náà, àti ti ọ̀nà tí ìlú yóò gbà dí ojú ibi tí ọ̀tá gbà wọlé, ti kúrò lójú agbo.

A lè fi Ajibode ṣe àpẹẹrẹ. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé ni ó wà, kò sì jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn. Abúlé olóko ni tẹ́lẹ̀. Lónìí, ilé ti gba ọ̀pọ̀ ibi tí oko wà, ilẹ̀ Yunifásítì ti nà dé ibẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ẹni tí ó bá wo Ti Olúwa ni Ilẹ̀ ní irú ibẹ̀ kò nílò alálàyé fún apá kìíní rẹ̀. Ó mọ awọnlẹ̀, ó mọ rìsíìtì, ó mọ ilẹ̀ kan tí a tà fún ènìyàn méjì. Ṣùgbọ́n ó tún mọ ohun kan tí ìtàn náà kò dúró wò, èyíinì ni pé ẹni tí ó ta ilẹ̀ lè kú kí ilẹ̀ má padà. Ọmọ rẹ̀ lè tún un tà. Ẹni tí ó rà á lè ti mọ odi yí i ká. Bí ikú bá tilẹ̀ pa gbogbo àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé náà, ìwé náà kò kú. Fún irú òǹwòran bẹ́ẹ̀, ikú àwọn olùtalẹ̀ jẹ́ ìtura fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó máa ń dà bí ẹni pé a parí ẹjọ́ ẹlòmíràn, tí a kò sì pe tirẹ̀.

4. Ṣaworoidẹ: ìparí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé

Ó yẹ kí a fi òótọ́ inú sọ pé Ṣaworoidẹ ga ju èyí lọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní 1999, ọdún tí ìjọba ológun gbé agbára sílẹ̀ fún alágbádá ní Nàìjíríà. Ní ìlú Jogbo, májẹ̀mú wà láàárín ọba àti ará ìlú. Adé idẹ, ìlù ṣaworoidẹ àti gbẹ́rẹ́ tí ọba gbọ́dọ̀ sín ni àmì rẹ̀. Ẹni tí ó bá dé adé náà láìsín gbẹ́rẹ́, bí a bá lu ṣaworoidẹ, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ̀ láti sín gbẹ́rẹ́ nítorí pé ó fẹ́ kó ọrọ̀ ìlú jẹ. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn agégẹdú ti ń run igbó Jogbo, títí tí àwọn ọ̀dọ́ fi dìde. Ológun tí ó sì pè láti ràn án lọ́wọ́, Lágàta, ni ó gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí Lágàta dé adé idẹ, ìlù náà dún, ó sì kú.

Ìdí mẹ́ta ni ìparí yìí fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èkíní, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni fíìmù ti sọ òfin ìlù náà fún òǹwòran. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Èkejì, ìlù kì í lu ara rẹ̀. Ó gba pé kí onílù yè, kí àwọn ènìyàn fi ara wọn wewu nítorí rẹ̀, kí ẹnìkan sì pinnu láti lù ú ní àkókò tí ó yẹ. Ọwọ́ ènìyàn ni agbára àìrí gbà ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, ìlù náà ní ìtumọ̀ tí ó ju òògùn lọ. Ohùn ìlú ni, òun ni ìrántí pé àdéhùn ni ọba fi jọba. Nígbà tí ó pa ológun tí kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú kankan, gbogbo òǹwòran ní Nàìjíríà ni ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Síbẹ̀, ohun méjì ni ìlù náà kò fọwọ́ kàn. Kò lè dá igi tí wọ́n ti gé padà. Bákan náà ni kò kan àwọn ìjòyè tí ó bá Lápité jẹ, tí wọ́n sì tún ṣe tán láti bá ẹni tí ó bá gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀ jẹ. Ní 1999, òǹwòran lè gbójú fo èyí. Ó gbà pé akátá ni à á kọ́kọ́ lé lọ ná kí a tó bá adìẹ wí. Ó gbà pé fíìmù náà parí ní ìbẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ó sì ń retí àtúnṣe náà.

5. Agogo Èèwọ̀: ìparí tí a tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì

Agogo Èèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ó gbọ́ ohun tí òǹwòran ń sọ. Jogbo kò lọ́ba. Àwọn ìjòyè àná, Balógun àti Séríkí láàárín wọn, ṣì wà lórí àga wọn. Èyí fi hàn pé Kèlání àti Ìṣọ̀lá fúnra wọn ni lámèyítọ́ àkọ́kọ́ fún ìparí Ṣaworoidẹ. Wọ́n gbà pé ikú Lágàta kò tán ọ̀ràn. Adébọ́sípò, ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí Déjúmọ̀ Lewis ṣe, ni a fi jọba. Àwọn ìjòyè rò pé yóò ṣeé darí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ tún ìlú ṣe ní òtítọ́. Kò ṣòro fún òǹwòran ní 2002 láti rí ìjọba tí ó gorí àlééfà ní 1999 nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìjọba tí ọ̀gágun tí ó ti fẹ̀yìn tì ṣe olórí rẹ̀ tí ó sì ṣèlérí láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́.

Níbí ni ìrètí ti ga jù lọ nínú iṣẹ́ Kèlání. Fún ìgbà àkọ́kọ́, olùdarí gbé ìṣòro náà sí ibi tí ó wà gan-an. Kò sí ọ̀tá àjèjì mọ́, kò sí ológun. Àwọn tí ń jẹ ìlú run ni àwọn tí ń bá ọba jókòó lójoojúmọ́. Báwo ni ọba rere yóò ṣe bá ìjòyè burúkú ṣèjọba? Kí ni yóò ṣe tí ẹ̀rí kò bá tó? Báwo ni àwọn ọ̀dọ́ yóò ṣe mú sùúrù fún un? Ìbéèrè wọ̀nyí le, wọ́n sì yẹ fún ọlọgbọ́n òǹkọ̀wé.

Ìdáhùn tí ó dé ni ìbúra. Wọ́n gbé agogo èèwọ̀ jáde, wọ́n lù ú, Balógun àti Séríkí sì ṣubú lulẹ̀, wọ́n kú. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ti fẹnu sọ ọ̀rọ̀ àtúnṣe ṣáájú èyí, ikú àwọn ìjòyè méjì yìí ni góńgó ìtàn, òun sì ni àwòrán tí òǹwòran ń gbé lọ sílé.

Ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe pé ìparí náà kò dùn ún wò. Ó dùn ún wò púpọ̀. Ohun tí ó bàjẹ́ ni pé ó gba ìbéèrè tí ó le lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí ó yẹ kí wọ́n dáhùn rẹ̀. Adébọ́sípò kò ní láti pinnu ohun tí yóò ṣe sí ìjòyè tí ó jẹ̀bi tí kò sì jẹ́wọ́. Agogo ti pinnu fún un. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti fi ara wewu nínú Ṣaworoidẹ di òǹwòran níhìn-ín, wọ́n ń wo agogo bí àwọn tí ó wà níwájú tẹlifíṣọ̀n ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ owó ìlú, ọ̀nà tí wọ́n gbà kó o àti ọ̀nà tí a ó gbà dí ihò náà sì bá òkú méjì wọlẹ̀. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, ènìyàn ni ó lo ìlù. Nínú èkejì, agogo ni ó gba iṣẹ́ ènìyàn ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lé akátá lọ báyìí. Kò tíì sí ẹni tí ó ka àwọn òròmọdìẹ.

6. Àwíjàre, àti ohun tí a lè fi dáhùn

Àwọn tí yóò gbèjà Agogo Èèwọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó wúwo lẹ́nu. Wọ́n lè sọ pé ìbúra jẹ́ ìlànà ìdájọ́ gidi ní àwùjọ Yorùbá, pé nígbà tí kóòtù àti ọlọ́pàá bá ti kùnà, ohun tí ó kù fún aláìlágbára ni kí ó pe àwọn alálẹ̀ lẹ́rìí. Wọ́n tún lè sọ pé ohun tí òǹwòran tí ìyà ti jẹ ń fẹ́ rí ni kí olè kú, àti pé ta ni lámèyítọ́ tí yóò fi ìtura yẹn dù ú.

Inú àṣà kan náà ni ìdáhùn wà. Àwọn àgbà tí ó ń parí ìjà kì í dúró sí orí ẹni tí ó jẹ̀bi. Wọ́n a béèrè ohun tí ó sọnù, wọ́n a sọ bí yóò ṣe padà, wọ́n a sì sọ ètùtù tí ilẹ̀ ń béèrè kí ìgbé ayé tó lè máa lọ. Ìbúra jẹ́ ọ̀nà àtimọ òtítọ́. Kò fìgbà kan jẹ́ gbogbo ìdájọ́. Nítorí náà, fíìmù tí ó parí sí orí ìbúra gba ìdajì àṣà náà, ó sì fi ìdajì tí ó le jù sílẹ̀.

Xala (1975) tí Sembène Ousmane ará Sẹ̀nẹ̀gà ṣe jẹ́ àfiwé tí ó wúlò, nítorí pé èpè ni ó gbé ìtàn náà ró. Okùnrin oníṣòwò ńlá kan fẹ́ ìyàwó kẹta, ó sì di akúra lálẹ́ ìgbéyàwó. Ní ìparí, àwọn alágbe tí ó ti fi ọlọ́pàá lé kúrò ní ìgboro wọ ilé rẹ̀. Afọ́jú kan láàárín wọn jẹ́wọ́ pé òun ni òun ṣe é, ó sì sọ ìdí rẹ̀: oníṣòwò náà ni ó fi ọgbọ́n ẹ̀tàn gba ilẹ̀ ẹbí òun. Wọ́n ní kí ó bọ́ra sí ìhòòhò, wọ́n sì ń tu itọ́ sí i lára. Kò sí ẹni tí ó kú. Ilẹ̀ kò padà. Ṣùgbọ́n orúkọ ilẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn lẹ́nu ẹni tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ojú olè àti ojú ẹni tí ó jà lólè sì pàdé. Ìbéèrè tí fíìmù béèrè ni ó parí sí, bí kò tilẹ̀ lè dáhùn rẹ̀ tán.

Kèlání fúnra rẹ̀ kò ṣàìmọ irú ìparí bẹ́ẹ̀. Nínú Àyìnlá (2021), lórí ìgbé ayé Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní 1980, ikú dé láti inú ìjà kékeré lórí alùpùpù ní ilé ọtí. Kò sí ìlù àràmàǹdà níbẹ̀, kò sí ẹ̀san. Òǹwòran jáde pẹ̀lú ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n kò jáde pẹ̀lú ìjákulẹ̀, nítorí pé ìwà àwọn ènìyàn tí fíìmù ti fi hàn án ni ó bí ikú náà. Èyí fi hàn pé dídùn tàbí kíkorò ìparí kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ìparí tí ó korò lè tẹ́ni lọ́rùn; ìparí tí ó dùn sì lè jáni kulẹ̀.

7. Ìgúnlẹ̀

Bébà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun tí ń dun àwọn olólùfẹ́ Kèlání ní ìparí Ti Olúwa ni Ilẹ̀ àti Agogo Èèwọ̀ kì í ṣe agbára àìrí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìsí ọgbọ́n. Ohun tí ń dùn wọ́n ni pé ìdáhùn kò bá ìbéèrè mu. Ṣaworoidẹ sún mọ́ àṣeyọrí nítorí pé ènìyàn ni ó di ọ̀pá ìlù mú. Kì í ṣe pé ó yẹ kí Agogo Èèwọ̀ pa agogo náà tì. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí agogo náà dún ní àárín fíìmù, kí Balógun àti Séríkí kú, kí ó sì wá ku ìdajì wákàtí tí àwọn ará Jogbo yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó àti igbó wọn, láìsí ẹni tí wọn yóò tún dá lẹ́bi bí kò ṣe ara wọn. Ìdajì wákàtí yẹn ni gbèsè tí ó kù nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti olùdarí kan ṣoṣo. Àwùjọ tí ó bá ń wo irú ìparí yìí léraléra lè kọ́ láti máa retí ikú àwọn tí ó jà á lólè, kí ó má sì kọ́ láti máa béèrè ẹrù rẹ̀. Fíìmù Yorùbá ti kọ́ wa ní ohun púpọ̀ nípa bí a ti ń dá olè mọ̀. Ẹ̀kọ́ nípa bí ìlú ṣe ń gba ohun ìní rẹ̀ padà ṣì kù, ó sì yẹ kí àwọn lámèyítọ́ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olùdarí tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù lọ.